Ọdẹ Tó Fi Ẹnubodè Sílẹ̀

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọjú? Èmi wà, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń bá mi ṣe awuyewuye, pàápàá tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé. Ìyá Oníbọ́tìnì, ẹ̀gbọ́n mi, náà wà. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun kánú, tàbí o ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí orúkọ tí a fi ń pè ọ́. Mo ti bi ọ́.

Káàdì rẹ dé. Àwòrán iwájú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohun tí o kọ sẹ́yìn rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé yìí. Mo dà á kọ gẹ́lẹ́ bí o ṣe kọ ọ́:

"Baba mi, mo ti ri ode kan ti mo feran pupo. O fi ise re sile, ilu baje, o sa lo fun odun meje. Sugbon o ti pada wa be won. Mo fe ki e mo on."

Abẹ́rẹ́, ọdún mélòó ni mo fi kọ́ ọ ní àmì ohùn? Kò sí àmì òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀, kò sí ohun tó jọ kíkán lábẹ́ lẹ́tà kankan. Èmi kà á sí ọ̀dẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbà mí o, ọmọ mi ti rí ọ̀dẹ̀ kan tó fẹ́ràn." Ìyá Oníbọ́tìnì já káàdì gbà lọ́wọ́ mi, ó ní òde ni, pé òde àríyá kan lo lọ tó dùn mọ́ ọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òde àríyá ló fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó sá lọ fún ọdún méje?" Ó ronú díẹ̀, ó ní tó bá ti jẹ́ ọkùnrin ni, ọ̀dẹ̀ ni o, ọlọ́gbọ́n ni o, kí o ṣáà mú un wá, torí pé ọdún ń gorí ọdún.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọkùnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ìlú fi bàjẹ́! Iṣẹ́ wo? Ìlú wo? Ṣé ọlọ́pàá ò wá a ni? Má fa wàhálà sí ara rẹ lẹ́sẹ̀ nítorí pé ọkùnrin kan mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ tó ìwọ̀n yẹn, ohun tó yẹ ẹ́ ni kó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó sá sí.

Mo ti fi bírò pupa tún káàdì náà ṣe, mo fi í ránṣẹ́ padà sí ọ. Mẹ́ta lo gbà nínú mẹ́wàá.

Ọ̀gá ilé-ìwé tún ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n padà wá máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. N kò dá a lóhùn. Fi ìyẹn sílẹ̀.

Fèsì kíákíá, má sì tẹ̀ mí láago lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù wà fún "ṣé ẹ ti jẹun". Lẹ́tà ló wà fún ọ̀rọ̀.

Èmi bàbá rẹ, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.


Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kejì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnáwó bírò pupa. Mo kí orúnkún yín. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Oníbọ́tìnì pé mo ti ń sanra díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Yàrá tí a ti ń gbẹ aṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sáré wá wò bóyá ẹ̀rọ ló gbá mi. Ọdẹ ni o! Ọdẹ, aṣọ́bodè. Ẹ sì jẹ́ kí n rán ẹ̀yin Tíṣà létí pé ohùn àárín ni ọdẹ látòkè délẹ̀, kò gba àmì kankan lórí. Nítorí náà ìdajì ẹ̀bi ni mo jẹ, kíkán abẹ́ nìkan. Ó yẹ kí n gbà tó márùn-ún.

Ọkọ kọ́ ló jẹ́ sí mi, Bàbá, inú ìwé ìtàn ló ń gbé. Ìyá àgbàlagbà kan ló yá mi ní ìwé náà. Òun ló ń yọ àbàwọ́n ní ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì kọ́ mi pé omi tútù ni ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́, pé omi gbígbóná ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ títí láé. Tí a bá sinmi lọ́sàn-án, màá jókòó lórí òkìtì aṣọ ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ, tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá máa kàwé. Kò sí ọba tó jókòó síbi tó tura tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ìtàn náà ṣe lọ. Ìlú kan wà tí ìkùukùu yí ká. Ìkùukùu náà ń sọ̀rọ̀, ohùn èèyàn ẹni ló fi ń pe èèyàn. Tó bá wọ ìlú, gbogbo ẹni tó bá bò mọ́lẹ̀ á di ère, kò kú, kò yè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọdẹ kan sí ẹnubodè. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fọn fèrè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìkùukùu á sì fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni, ọdẹ yìí sì fẹ́ kí wọ́n máa kọrin òun. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ pé ẹranko oníwo wúrà ń kọjá lẹ́yìn odò. Ó fi fèrè kọ́ ara ògiri, ó ní òun ń bọ̀. Ó pa ẹranko náà lóòótọ́. Ó gbé ìwo wúrà lé èjìká, ó ń kọrin bọ̀ wálé, àfi bó ṣe débẹ̀ tó rí i pé ìkùukùu ti wọlé, gbogbo ìlú ti dúró gbagidi.

Ó sá. Ọdún méje ló fi ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan lókèèrè, kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó padà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń pọn àwọn èèyàn jáde nínú ìkùukùu, ó sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni náà sí i létí, kó sọ ohun tó ṣe fún un, kí ẹni náà tó lè ṣeé gbé. Tí kò bá sọ ọ́, ẹni náà á wúwo ju àpáta lọ. Àwọn mìíràn jí, wọ́n gbá a létí. Á kúnlẹ̀, á gbé ẹni tó kàn.

Mo ti ka ìtàn akọni tí kì í ṣàṣìṣe rí, Bàbá, wọn kì í wọ̀ mí lọ́kàn. Èyí, bí ẹni tí a jọ gbé nínú ilé kan náà ni. Mo ti ra ẹ̀dà kan fún yín, ó wà nínú ẹrù yìí. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí sí i fún mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ yín, akẹ́kọ̀ọ́ yín sì ni. Ẹ ní kí n fi sílẹ̀. Mi ò fi sílẹ̀ o.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́.


Ọgbọ̀n Ọjọ́, Oṣù Kẹta

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ara wa le. Mo gbà, mo fi méjì kún un, márùn-ún lo gbà báyìí. Ìwé náà dé, mo ti kà á tán, mo sì ti tún àṣìṣe ìtẹ̀wé mọ́kànlá ṣe sínú rẹ̀. Mo sọ ìtàn náà fún Ìyá Oníbọ́tìnì. Ó ní òun ò mọ ti ìkùukùu, ìwo wúrà yẹn ni kí n sọ fún òun, pé ta ló wá kó o lọ?

Nígbà tí mo dé ibi tí ọdẹ náà ti gbé ìwo dé ẹnubodè, mo pa ìwé dé. Ọjọ́ méjì ni mi ò fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́, mo mọ ohun tí ò ń ṣe. Bàbá rẹ kì í ṣe ọ̀dẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ kó wà lórí rẹ̀.

Jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ká yéé fi ọdẹ bojú. Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ọwọ́ mi ni fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde kíláàsì mi wà. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú àpò ìwé, mo tì wọ́n mọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìdánwò. Ní Ọjọ́rú, mo kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àríyànjiyàn lọ sí ìdíje ní ìlú mìíràn. A gba ife. Ọjọ́ Ajé ni mo gbé ife náà wọ ilé-ìwé, gbogbo ọmọ ń pàtẹ́wọ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì. Mo bá wọn níbẹ̀.

Wọn ò gba fọ́ọ̀mù mọ́. Ogójì ọmọ pàdánù ọdún kan gbáko nítorí mi. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ogójì, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí òbí ogójì, mo sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà kí n má baà kọjá níwájú ilé-ìwé. Ìyà mi nìyẹn, mo ti gbà á, mi ò sì ráhùn. Kí ni ọdẹ rẹ tún ń padà lọ ṣe? Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn ọmọ náà. Bó ti wù kó yọ́nú sí mi tó, ojú wo ni màá fi dúró níwájú pátákó?

Jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ìwé náà dùn, mo dúpẹ́. Bàtà tí o fi ránṣẹ́ tóbi díẹ̀, mo fi bébà dí iwájú rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á ya. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí mo bá rí àṣìṣe, kí n tún un ṣe, ẹni yòówù kó kọ ọ́. Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ "ogójì" lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá, ọmọ mọ́kànlélógójì ni wá.

Èmi náà wà ní kíláàsì yẹn. Fọ́ọ̀mù tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú tàwọn yòókù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, èmi ni mo jókòó tì yín, tí mò ń lẹ ẹnu àpò ìwé wọn pa. Mo ka ogójì. Mo ń retí pé ẹ máa mú bébà kan sí i. Ẹ dé bírò yín, ẹ ní kí n kó wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo sì kó wọn lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ní mi ò ṣe ìdánwò mọ́, pé iṣẹ́ bọ́tìnì àti síìpù lọ́dọ̀ Ìyá ló wù mí. Kò wù mí. Inú ló ń bí mi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù mi láé. Ẹ ò sì bi mí léèrè ìdí. Ẹ kàn ní, "Ó dáa."

Mi ò kọ èyí kẹ́ ẹ lè sunkún. Ara mi yá, mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ìyá tó ń yọ àbàwọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ti gba ìyà yín. Mi ò wá ìyà yín, Bàbá. Ọdẹ inú ìwé yẹn náà gba ìyà ọdún méje nídìí abọ́, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó jáde nínú ìkùukùu nítorí ẹ̀.

Ẹ fi bébà ran bàtà yẹn lọ́wọ́ ná, màá fi èyí tó kéré jù ú lọ ránṣẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹfà

Abẹ́rẹ́, ọmọ tí mo tọ́ láti ìgbà tí màmá rẹ ti fi wá sílẹ̀,

Ṣé o wà? Èmi wà. Àmì tó bá ṣì sílẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, má jẹ́ kí bàbá rẹ rí i, kó má lọ fi bírò pupa bù mí jẹ.

Kí lo kọ sí i? Sọ fún mi. Ìdúró ló fi ka lẹ́tà náà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kà á tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, oòrùn bá a níbẹ̀, oòrùn kúrò lórí rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo pè é wá jẹun, ó ní òun ń bọ̀. Kò wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ tí a tún ń gbé e kúrò.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí i tó gun àga, ó gbé àpótí kan sọ̀ kalẹ̀ lókè àjà, ó yọ rẹ́jísítà ilé-ìwé àtijọ́ jáde, ó ń nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ fúnra rẹ̀, á wọ bàtà tó o fi ránṣẹ́, á jáde. Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Mò ń bọ̀." Kí ni kí n rò? Mo ní obìnrin ló rí. Inú mi tilẹ̀ ti ń dùn.

Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ti ìsọ̀ mi pa, mo tẹ̀ lé e. Ó rìn títí, ó yà sọ́dọ̀ fókánáísà kan. Ó jókòó sórí táyà pẹ̀lú ẹ̀wù funfun! Mo dúró sí òdìkejì títì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, nígbà tó yá àwọn méjèèjì ń nu ojú. Mo padà sílé. Abẹ́rẹ́, ta ló ń wọ ẹ̀wù funfun lọ fẹ́ fókánáísà?

Ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun báyìí, ìyẹn ni kí n sọ fún ọ. Lánàá ó béèrè fún ẹran sí i. Ohun yòówù tí o kọ, mi ò mọ̀ bóyá kí n bá ọ wí tàbí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, oníbọ́tìnì.


Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀. Oṣù méjì ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀yin fúnra yín, Ìyá nìkan ló kọ̀wé pé ẹ ti ń jẹun. Nígbà tí mo bá tẹ̀ yín láago, Ìyá lẹ ń gbé fóònù fún. Ṣé mo sọ̀rọ̀ jù ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi wí, mo lè gbà á. Ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa kà á.

Ìyá tó ń yọ àbàwọ́n ní kí n ní sùúrù. Mo ti ní in títí, ó ti fẹ́ tán lọ́wọ́ mi.

Bàtà tuntun wà nínú ẹrù yìí. Ẹ wọ̀ ọ́ wò kí n mọ̀.

Abẹ́rẹ́ yín.


Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun tẹ̀ lé mi, òun sì kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni kò ní rí obìnrin tó dì mọ́ òpó iná ní òdìkejì títì?

O kò sọ̀rọ̀ jù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fèsì lọ́jọ́ kejì, mo wá rí i pé ohun tí mo fẹ́ kọ, àwáwí ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan ná. Mo gbé rẹ́jísítà sọ̀ kalẹ̀. Mo wá inú rẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé (bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo gba iwájú wọlé), Àbámẹ́ta mélòó kan ni a fi jọ ṣírò rẹ̀. Ọmọ márùndínlógójì padà ṣe ìdánwò lọ́dún kejì. Ọmọ mẹ́fà ni kò padà mọ́. Mo pinnu láti lọ bá àwọn mẹ́fà yẹn nílé wọn, kì í ṣe òbí wọn, àwọn gan-an.

Fókánáísà ni mo kọ́kọ́ bá. Abẹ́rẹ́, ṣé o mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní láti ọjọ́ yìí wá, òun rò pé àwọn tíṣà ló dìídì mú fọ́ọ̀mù òun kúrò nítorí pé òun ò mọ̀wé. Bàbá rẹ̀ ló gba lẹ́tà mi, kò sì kà á sí i létí. Ọdún méjìdínlógún! Mo jókòó sórí táyà, mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ló ń ṣe ipò kẹta nínú ìṣirò. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo fi hàn án. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí wa tí à ń nu ojú.

Ẹnì kejì ń ṣe irun. Ó ní kí n jókòó dè òun, òun ń fọ orí oníbàárà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó kan gé irun mi, ó sì gé e dáadáa. Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin ti fẹ́ ara wọn! Wọ́n ní ká ní àwọn ṣe ìdánwò yẹn ni, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ì bá lọ, wọ́n wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò gba ọpẹ́, pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n fi ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn mí. Ẹnì karùn-ún ń ta pákó. Ó gbọ́ mi tán lórí ìdúró, ó ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ." Mo lọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, mi ò sì ní padà lọ yọ ọ́ lẹ́nu, àfi tó bá pè mí. Ọjọ́ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní ilé-ìwé á wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń bọ̀. Mo ní kó dúró ná, pé ó ku ẹnì kan. Ẹni náà jìnnà, mi ò lè wọ ọkọ̀ débẹ̀. Ohun tó bá sọ ni màá fi mọ̀ bóyá mo lè dúró níwájú ọmọ mìíràn.

O ní ò ń retí pé màá mú bébà kan sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi ni, ó ti mọ̀, bàbá kì í kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọmọ inú ilé rẹ̀. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Àwọn òbí ogójì yẹn, mo lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn fún wọn. Ìwọ ni mò ń rí láràárọ̀. Nígbà tí o ní iṣẹ́ bọ́tìnì wù ọ́, mo mọ̀ pé kò wù ọ́. Mo ní "Ó dáa" kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Bébà náà rèé. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ti àwọn yòókù.

Sí Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún nínú Rẹ́jísítà,
Kíláàsì Àṣejáde.

Mo gba fọ́ọ̀mù ìdánwò rẹ lọ́wọ́ rẹ. O kún un láìsí àṣìṣe kan. Mo ṣèlérí fún ọ pé yóò dé ibi tó ń lọ, kò sì débẹ̀, nítorí pé ife ni mò ń lé, mo gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ọdún kan lo kọ́kọ́ pàdánù. Lẹ́yìn náà o pàdánù ohun tó ju ọdún kan lọ, mo ń rí i, a jọ ń jẹun, n kò sọ nǹkan kan.

Mo bẹ̀ ọ́. Má ṣe dárí jì mí nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Tí o bá máa dárí jì mí, kó jẹ́ pé ó ti inú rẹ wá.

Tíṣà rẹ.


Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje

Bàbá mi, Tíṣà mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìrìn. Mo kí ẹni tó gé irun yín.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yàrá tí a ti ń gbẹ aṣọ, ẹ̀ẹ̀kan fún ìyá tó ń yọ àbàwọ́n, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi fókánáísà, ó ní kí n dúró ná, ó lọ fọ ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, torí pé òótọ́ lẹ sọ fún mi. Mo bínú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú, tí mò ń jí láàárọ̀ kí yín, tí mò ń bínú. Lẹ́yìn náà ó ń dín kù fúnra rẹ̀, ó sì ku ibì kan tí mi ò lè fọwọ́ kàn. Nígbà tí mo ka ìwé ọdẹ yẹn, mo mọ ohun tó kù. Kì í ṣe ìdánwò, Bàbá. Mo ti kọ́ iṣẹ́ mi, mo mọ̀ ọ́n, aṣọ ibùsùn tí mo bá lọ̀ kì í rún. Tẹ́ ẹ bá ní kí n wá padà ṣe ìdánwò yẹn lónìí, màá ní kẹ́ ẹ bá mi kí wọn. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ kà mí mọ́ àwọn yòókù.

Ẹ ti kà mí. Mo dárí jì yín, ó sì ti inú mi wá. Bàbá mi lẹ jẹ́, mi ò lè yọ ìyẹn kúrò nínú ẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ ò sọ fún mi bóyá bàtà kejì bá yín mu. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé ẹ ń bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ gba iwájú. Tẹ́ ẹ bá ti wọ kíláàsì, kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sí pátákó, ẹ ṣí rẹ́jísítà tuntun, ẹ pe orúkọ gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn kálukú wọn.

Ní tèmi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ jù.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún: mo wà níbí, sà.